Nọ́ọ̀tì Tí Kò Tú Rí

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wọ̀ mí lára. Tíṣà ni bàbá mi ní ilé ìwé ìjọ kan ní Òkè Padre, ìwé ló sì fẹ́ kí n kà. Aládùúgbò wa kan wà tí a ń pè ní Bàbá Aláṣọ. Ó máa ń ra òfì ní Òjé, á sì kó o fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bẹ bàbá mi pé kí wọ́n yọ̀ǹda mi kí n bá òun kó ẹrù. Bí a ṣe ń gun òkè Màpó, ọ̀pá gíà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bàbá Aláṣọ mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé e lórí.

“Ṣé o rí i? Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti tú ọkọ̀ yìí. Ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì ni, ọ̀kan ní gíà ni. Ẹ̀kẹta ní kí n máa gbàdúrà.”

Nígbà tí a dé orí òkè tí a wá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, ó yọ ọkọ̀ kúrò ní gíà kí epo má baà tètè tán. Ariwo ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, àmọ́ ìgbọ̀n yẹn ò rọlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá yára, òun náà á yára. Bí Bàbá Aláṣọ bá tẹ bíréèkì, òun náà á falẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ́ńjìnnì ti ń sinmi, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ló ti ń wá?”

Ó wò mí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ewúrẹ́ kan. Kò tiẹ̀ gbé mi lọ sílé mọ́. Ó wa ọkọ̀ tààrà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Mùfútàù ní Bẹẹrẹ, ó ní, “Ọ̀gá, ọmọ tíṣà yìí ní ẹ̀yìn ni.” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni lóòótọ́. Kúrọ́ọ̀sì ti jẹ, ìyẹn irin kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó so pùrọ̀pẹ́là mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Pùrọ̀pẹ́là fúnra rẹ̀ ni irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí táyà. Ọ̀gá fi kúrọ́ọ̀sì tó jẹ náà sí mi lọ́wọ́. Mo fi pamọ́ sínú àpò ìwé mi fún odidi sáà ẹ̀kọ́ kan.

Bí bàbá mi ṣe bínú, bí wọ́n ṣe fi mí sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, iye tí wọ́n san, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣì dára láti yàn. Èsì mi ni pé ó dára. Àmọ́ kí ẹ tó yàn án, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún bí àádọ́ta ọdún, torí òun ni mo fi gorí àga tí ẹ bá mi lórí rẹ̀.

Ọ̀gá Mùfútàù le. Kì í ṣàlàyé. Bí o bá bi í ní ìbéèrè, á ní kí o lọ tú u kí o rí i fúnra rẹ. Nọ́ọ̀tì tí o bá tú gbọ́dọ̀ wọ inú agolo mílíìkì bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Bí o bá wá bá a pé “ọkọ̀ ń gbọ̀n, sà”, á lé ọ padà sínú ọkọ̀. Ó fẹ́ gbọ́ gíà wo ni, ó ń sáré tó báwo, ṣé ó ru ẹrù, ṣé ó ń gun òkè ni àbí ó ń sọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí o tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Òfin tó fi ń pa wá jù ni ti àpá. Kí o tó ya irin méjì tó so mọ́ra, o gbọ́dọ̀ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ojú kékeré kọ̀ọ̀kan sí ara méjèèjì, kí wọ́n lè padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ẹfun ò tó lójú rẹ̀, torí gíríìsì àti pẹtiróòlù máa ń pa á rẹ́.

Níwọ̀n bí kì í ti í ṣàlàyé, èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ara mi. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo ń ya gbogbo ohun tí a bá tú sínú rẹ̀. Mo ka eyín gbogbo gíà tó bá kọjá lọ́wọ́ mi. Láàárín ọdún kejì, mo ti mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tó ń gbéra nìkan, tí kò sì gbọ̀n mọ́ tó bá ti ń lọ, kí n kọ́kọ́ wo síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, àti pílétì kílọ́ọ̀ṣì bóyá ọ́ìlì ti kàn án. Mo mọ̀ pé bí gíà bá ń han nígbà tí o fẹ́ fi sí i, kí n wo bóyá kílọ́ọ̀ṣì ń já tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú gíà. Mo mọ̀ pé bí o bá yọ gíà lórí ìrìn tí ìgbọ̀n ò sì dá, kí o fi gíà sílẹ̀ kí o lọ sí ẹ̀yìn. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ṣáájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù ni Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì, ọmọ Ìdí Arẹrẹ. Ọdún mẹ́fà ló ti lò níbẹ̀. Nínú gbogbo wa, òun lọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù nídìí gíà. Tíṣà ló ń pè mí.

“Tíṣà, ìwé rẹ yẹn, ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn fọwọ́ kó tó mú búrẹ́dì?”

“Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ gé tèmi fún mi, Bọ̀ọ̀dá.”

Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ẹnu síkúrúdíráfà lé irin, kí a gbé etí sí ìdí rẹ̀, kí a gbọ́ ibi tí bẹ́ríìnì ti ń ké. Òun ló kọ́ mi bí kílọ́ọ̀ṣì tó jóná ṣe ń rùn. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Fíríìdọ̀mù rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ọjọ́ fíríìdọ̀mù ni ọ̀gá máa ń gbàdúrà lé ọmọ iṣẹ́ lórí lójú ẹgbẹ́ àti ẹbí, tí á gbé sípánà lé e lọ́wọ́, tí á sọ pé ẹni yìí tó dá dúró. Láìsí i, kò sí bí o ṣe lè mọ iṣẹ́ tó, kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ ní ọ̀gá láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba. Ìyá Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì ti ra àgbò. Wọ́n ti tẹ káàdì ìpè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Aláṣọ gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé pẹ̀lú àìsàn méjì. Gíà kẹta ń han, kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn sì tún ti jẹ. Ọ̀gá pín in: kí Ráṣídì tú gíà, kí n bọ́ pùrọ̀pẹ́là. Mo fẹ́ kí tèmi tètè parí kí n lè lọ wo bí òun ṣe ń ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pùrọ̀pẹ́là ọkọ̀ yẹn dáadáa. Ọ̀nà méjì ni, ọ̀kan ń wọ inú èkejì bí ìdà ṣe ń wọ àkọ̀, eyín mẹ́rìndínlógún ló sì gbá wọn mú. Orí kan tó gba kúrọ́ọ̀sì wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn. Orí méjèèjì gbọ́dọ̀ wo ibì kan náà. Bí wọ́n bá wo ibì kan náà, ìgbọ̀n tí ọ̀kan ń dá sílẹ̀ ni èkejì ń pa. Bí o bá fi eyín kan ṣoṣo yẹ̀ ẹ́, wọn ò ní pa á mọ́, ńṣe ni wọ́n jọ máa gbọn ọkọ̀ náà. Mo ti ya á sínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n mi ò gún àpá kankan sí i lọ́jọ́ yẹn. Ẹfun ni mo fà sí i, mo fi pẹtiróòlù fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀, ẹfun bá a lọ. Mo fi ojú wò ó, mo kì í bọ inú ara rẹ̀, mo ní ó ti wà bó ṣe yẹ.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà jáde, gíà kẹta wọlé wẹ́rẹ́, kò han. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gíà ń gbọ̀n ju ti ọjọ́ tí mo wà lọ́mọdé lọ. Kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ti di tuntun, torí náà kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn; gbogbo ènìyàn rí ọ̀pá gíà tó ń gbọ̀n, Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì ló sì ṣe gíà.

Ọ̀gá ní, “Ráṣídì, sọ ọ́ kalẹ̀.”

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tú u palẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dì í padà. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n.

“Sọ ọ́ kalẹ̀.”

Lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá ti gbé gíà píkọ́ọ̀pù lé àyà rí ní ìdùbúlẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Ọ̀gá, gíà yìí dáa, sà. Mo ti fọwọ́ yí i, kò há, kò sì tú.”

“Ṣé èmi ni mò ń gbọ̀n nígbà náà?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Kí a gun òkè Màpó, kí a yọ gíà bí a ṣe ń sọ̀, kí a fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí n kò mọ nǹkan kan, mo ṣe é. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ní ìwé, mi ò ṣe é, torí mo mọ̀ pé bí ìgbọ̀n ò bá dá, ẹ̀yìn la máa lọ, èmi ni mo sì ṣe ẹ̀yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ara mi báyìí nígbà náà. Ńṣe ni mo kàn ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Bàbá Aláṣọ wá gbé ọkọ̀ rẹ̀, kò rí i gbé. Ojú ti Ọ̀gá. Ó pe gbogbo wa jọ. Yàtọ̀ sí èmi àti Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì, ẹni mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀: Ọ̀gá fúnra rẹ̀, Bàbá Aláṣọ, ìyàwó Ọ̀gá tí a ń pè ní Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, tó ń ta ọ́ìlì níwájú, àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà.

Ọ̀gá ní, “Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ tó jẹ́wọ́, mo lè kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń purọ́ fún mi, kò lè gba sípánà lọ́wọ́ mi. Kò sí fíríìdọ̀mù.”

Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì ò bẹ̀bẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó to sípánà ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn lọ kírun Jímọ̀ ní Ọjà'ba. Èmi nìkan ni Kìrìsìtẹ́nì nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo sì máa ń ṣọ́ ibẹ̀. Mo wọ abẹ́ píkọ́ọ̀pù láti fín gíríìsì sí kúrọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀, mo rí orí iwájú, mo rí orí ẹ̀yìn. Wọn ò wo ibì kan náà. Eyín kan ló yẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí gíríìsì fi ń kán sí mi ní ọrùn.

Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, mo fa pùrọ̀pẹ́là jáde, mo yí i ní eyín kan, mo dá a padà. Mo gún àpá méjì sí i báyìí, méjèèjì dojú kọ ara wọn. Mo wà á gun Màpó, mo wà á sọ̀. Ọ̀pá gíà dúró jẹ́ẹ́ bí òpó.

Wọ́n dé nínú aṣọ funfun wọn. Ọ̀gá wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó padà wá, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní, “Kí lo ṣe sí i?”

Gbólóhùn kan ló kù fún mi láti sọ. Mo ní, “Nọ́ọ̀tì kan ló tú, sà, ní ìdí ọ̀pá gíà. Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì gbàgbé láti fún un.”

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ọ̀gá tí kì í yin ènìyàn gbé ọwọ́ lé mi léjìká, mo sì ti rí i lójú rẹ̀, kí n tó la ẹnu, pé ó fẹ́ yìn mí.

Ọ̀gá fún mi ní fíríìdọ̀mù kí ọdún mi tó pé. Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì lọ jókòó sí Ọjà'ba, ó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ráṣídì Nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá fẹ́ lọ sí Ìdí Arẹrẹ, mo máa ń gba ẹ̀yìn kí n má baà kọjá níwájú rẹ̀.

Èmi ní tèmi, mo di ẹni tí wọ́n ń gbé píkọ́ọ̀pù tó ń gbọ̀n wá bá láti ibi gbogbo. Irinṣẹ́ ń yí padà, mo ń bá a yí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi yẹ ọkọ̀ wò dé, mo ra tèmi, mo sì tètè rí i pé ohun tí ẹ́ńjìnnì bá mọ̀ nìkan ló lè sọ, kò mọ̀ pé pùrọ̀pẹ́là wà láyé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù wọn bí ìdí gíà ṣe tẹ̀ àti bí orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe tẹ̀. Bí ìdí gíà bá jẹ́ díìgìrì mẹ́ta, mo fẹ́ kí orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi ju ìlàjì díìgìrì kan lọ yàtọ̀ síra, mo máa fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ títí yóò fi bọ́ sí i. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ ló mọ̀ pé mi ò gbà kí wọ́n fa pùrọ̀pẹ́là yọ láìgún àpá. Wọ́n rò pé mo jọ Ọ̀gá mi ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìdágbére fún mi, akọ̀wé ẹgbẹ́ mẹkáníìkì dìde láti sọ ìtàn mi. Ìtàn nọ́ọ̀tì ló sọ. Ó sọ bí ẹnì kan ṣe tú gíà lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí i, tí ọmọ tíṣà fi wákàtí kan rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Mo wo ara mi nínú aṣọ àrán, mo rí i pé bí wọ́n bá yọ irọ́ yẹn kúrò, kò sí ibi tí ìtàn mi máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta kí n tó lọ sí Ìdí Arẹrẹ. Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì wà nínú pálọ̀, ó ti hu ewú. Ó ní, “Tíṣà,” bí ẹni pé àná la ríra. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹfun dé orí irọ́.

“Eyín mélòó?”

“Ẹyọ kan, Bọ̀ọ̀dá.”

“Ẹyọ kan.” Ó na ìka rẹ̀ kan sókè, ó wò ó. “Nọ́ọ̀tì mélòó ló wà ní ìdí ọ̀pá gíà ọkọ̀ yẹn?”

“Mẹ́rin.”

“Mẹ́rin. Mo ti fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú orí mi, mi ò lè kà á mọ́. Ní ìgbà tó yá, èmi náà gbà pé mo gbàgbé. Ìyàwó mi máa ń lọ fọwọ́ fa ilẹ̀kùn wò lẹ́yìn tí mo bá ti tì í. Èmi tó ń gé kọ́kọ́rọ́.”

“Ẹ dárí jì mí, sà.”

“Dìde. Kí lò ń dọ̀bálẹ̀ fún nínú pálọ̀ mi, níbi tí kò sẹ́ni tó rí ọ? Ṣé inú pálọ̀ ni Ọ̀gá ti pè mí ní onírọ́? Ẹni mẹ́sàn-án ló gbọ́. Lọ bá wọn.”

“Bọ̀ọ̀dá, ọ̀pọ̀ wọn ti kú.”

“Lọ bá àwọn tí kò kú.”

Mẹ́rin ló kù láyé, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta àti Ìyá Ṣọ́ọ̀bù. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní kí n mu omi. Ẹnì kejì kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹnì kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ti ba ìtàn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni mo wá fẹ́ máa sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi?” Mo ní kó máa sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ti Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ni mo fi sẹ́yìn. Òun ló se oúnjẹ fíríìdọ̀mù mi, ọmọ òun ló sì ń pè mí. Ó ń gbé ní agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà, etí rẹ̀ ti wúwo. Sátidé tó kọjá ni mo lọ. Mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rọra sọ ọ́.

“Kí lo wí?”

Mo gbé ohùn sókè.

“Nọ́ọ̀tì wo? Ta ló ṣe é?”

Mo dìde, mo kígbe: “Èmi ni, mà! Kò sí nọ́ọ̀tì tó tú! Èmi ni mo ba ọkọ̀ náà jẹ́! Irọ́ ni mo pa mọ́ Ráṣídì!” Àwọn fèrèsé ń ṣí ní gbogbo agbo ilé. Obìnrin tó ń sá aṣọ dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù gbé ojú rẹ̀ sí mi. Ó ní, “Ráṣídì tó máa ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì láràárọ̀?” Mo ní òun ni. Ó yí ojú rẹ̀ kúrò lára mi, kò sì yí i padà títí mo fi lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ jábọ̀ fún Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì. Mo ní ó ti pé mẹ́rin.

“Àwọn tó ṣí fèrèsé ńkọ́?”

“Mi ò kà wọ́n, sà.”

“Ìwọ tó ń ka eyín gíà. Lọ kà wọ́n, kí o sọ ọ́ fún wọn dáadáa kí wọ́n má baà ṣì í gbọ́.”

Àná ni mo padà lọ sí Bẹyẹrúnkà. Mo kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ni wọ́n.